Ìtara àti Ohun Tí A Ń Yááfì: Ìdínkù Ìwọ̀n Ara láàrin Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka dídín ìwọ̀n ara kù nípasẹ̀ oúnjẹ sí ọ̀ràn àdáni, èyí tí ó wà láàrin ẹni tí ó sanra jù àti ọ̀fun rẹ̀ nìkan, débi pé bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ tí kò sì lè bá a dópin, ohun tí ará ilé àti ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ ni pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò gba ọ̀nà yẹn. Àgbègbè kan pàtó ni ó dá lé, ìyẹn Ìkẹjà àti Agége pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìtara, ìyẹn agbára inú tí ń mú ènìyàn máa bá ohun tí ó dáwọ́ lé lọ, kì í pẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá dá nìkan wà, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹni tí ń dín ara kù gbọ́dọ̀ yááfì ni kò sí ní ìkáwọ́ òun nìkan. Ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí gbogbo ilé jọ ń jẹ, ó wà nínú aago tí ilé-iṣẹ́ fi ń wọlé tí ó fi ń jáde, ó wà nínú àwo tí wọ́n ń gbé kiri lóde ìnáwó, ó sì wà lẹ́nu àwọn tí ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí ó yé ni ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ìsanrajù. Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé kí a mú ìwọ̀n ara ènìyàn ní kílò, kí a fi gíga rẹ̀ ní mítà pín in, kí a sì tún fi gíga yẹn kan náà pín èsì tí ó bá jáde. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 80, yóò rí nǹkan bí 31. Ẹni tí èsì tirẹ̀ bá tó 25 ti ń sanra kọjá bó ṣe yẹ, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tó 30 ni ó ní ìsanrajù, èyí tí a kà sí àìsàn nítorí pé ó ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn rọpárọsẹ̀ àti orúnkún dídùn. Àjọ náà ṣírò pé ní 2022, àgbàlagbà tí ó lé ní bílíọ̀nù 2.5 ni ó sanra kọjá bó ṣe yẹ lágbàáyé, tí àwọn tí ó ní ìsanrajù nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 890. Ìṣirò yìí ní àbùkù tirẹ̀, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin iṣan alágbàáru àti ọ̀rá ẹni tí ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi máa ń fi téèpù aránṣọ wọn àyíká ikùn pẹ̀lú.

Ìkẹjà àti Agége kì í ṣe ilẹ̀ ìjókòó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko kòkó àti oko obì ni ó gba ibẹ̀ kan. Jacob Kehinde Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, wà lára àwọn tí ó sọ àgbègbè náà di olókìkí nídìí ọ̀gbìn. Kí orílẹ̀-èdè tó gba òmìnira ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà, ilé ìpọntí Guinness àti àwọn mìíràn sì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ó di 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọ́fíìsì ìjọba sì pọ̀ sí Aláúsá. Láàrin ìran mẹ́ta péré, iṣẹ́ ilẹ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá, ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ó sì tún bọ́ sórí àga níwájú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n òkèlè tí a ń gé kò yí padà bí iṣẹ́ ṣe yí padà.

Ọjọ́ òṣìṣẹ́ ní àgbègbè yìí gùn. Ẹni tí ń gbé ní Ìjú tàbí Alágbàdo, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà Ọba Akran tàbí ní Àgídìngbí, ní láti jáde nílé ní ìdájí, nítorí náà búrẹ́dì Agége pẹ̀lú àkàrà tàbí ẹ̀wà aganyin ni yóò fi ṣí ẹnu ní ìdí ọkọ̀. Búrẹ́dì yìí, tí ìtàn rẹ̀ so mọ́ Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tí ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní 1921, rọ̀, ó wúwo, owó rẹ̀ kò sì ga ju ọwọ́ mẹ̀kúnnù lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ìyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ èèpo rẹ̀ kúrò ni wọ́n fi ṣe é, ebi sì máa ń tètè padà sí ikùn ẹni tí ó jẹ òun nìkan. Nírọ̀lẹ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ìkẹjà dé Mángòrò, gálà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ń nà wọlé lójú fèrèsé. Yóò tó agogo 9 tàbí 10 alẹ́ kí ẹni náà tó dé ìdí oúnjẹ gidi, tí yóò jẹ òkèlè ńlá, tí oorun yóò sì gbé e lọ lórí àga. Ti ẹni tí ó wà ní ṣíìfù òru tún le ju èyí lọ, nítorí pé ní agogo 2 òru, nígbà tí ara ń béèrè oorun, oúnjẹ ni ó ń fi lé oorun lọ.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò yẹ fún àkíyèsí gidi. Kálórì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Gíráàmù ṣúgà kan ní kálórì 4, gíráàmù ọ̀rá kan ní 9, ti álíkóhọ́ọ̀lù inú ọtí sì jẹ́ 7. Bí ẹlẹ́rìndòdò kan bá ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú mìlílítà 100 rẹ̀, ìgò 50cl kan yóò gbé gíráàmù 50 wọ inú ara, ìyẹn kálórì 200. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́, èyí tí í ṣe gíráàmù 50 fún ẹni tí ń jẹ kálórì 2,000, ó tilẹ̀ sàn kí ó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ìgò kan nínú ọkọ̀ ti tán ìwọ̀n ọjọ́ kan, ẹni tí ó mu ún kò sì ní dín òkèlè alẹ́ rẹ̀ kù nítorí rẹ̀, nítorí pé ohun mímu kì í yó ni bí ohun jíjẹ.

Àwọn kan lè sọ pé kò bójú mu láti máa sọ̀rọ̀ nípa sísanra ní ìgbà tí ọjà gbówó lórí tó báyìí, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023. Òtítọ́ ni pé ebi ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Agége. Òtítọ́ mìíràn sì ni pé oúnjẹ tí owó kékeré lè rà, bíi gàrí, búrẹ́dì, índómì àti ìrẹsì tí kò ní ẹja, ni ó ń fi ọ̀rá kún ara láì fi okun kún un, tí ó fi jẹ́ pé a lè rí ìsanrajù àti àìjẹun-re-kánú lára ènìyàn kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn tí kò bá ṣeé náwó sí ní ọjà Agége kò yẹ ní fífún ará Agége.

Ìbéèrè tí ó kàn ni ibi tí ó yẹ kí ìyááfì bọ́ sí. Àwọn mìíràn gbà pé bí àwọn bá ti sáré ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ti ní ẹ̀tọ́ sí àwo méjì lọ́sàn-án. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn èsì tí ó ṣe kedere jù lọ sí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Fásitì Ìbàdàn àti ti Fásitì Loyola lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, tí Richard Cooper wà lára aṣáájú wọn, ti ń fi ìlera àwọn aláwọ̀ dúdú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wé ti àwọn ará Karíbíà àti Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1997 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, ẹni 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíà, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ìwọ̀n ara ṣe ń pọ̀ sí i láti ilẹ̀ kan dé èkejì ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí àwọn obìnrin Igbó-Ọrà àti Ìdèrè ń lò lójúmọ́, wọ́n sì fi wé ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Chicago. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ti Nàìjíríà wọn nǹkan bí kílò 58, àwọn ti Chicago sì wọn kílò 83. Síbẹ̀, nígbà tí èsì jáde ní 2008, agbára tí ìhà méjèèjì ń ná sórí iṣẹ́ ara fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí kálórì 800 ní Nàìjíríà àti 760 ní Chicago. Oúnjẹ ni ọ̀nà wọn ti yà: àwọn obìnrin Igbó-Ọrà ń jẹ ohun oko tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ti Chicago sì ń jẹ ohun tí ilé-iṣẹ́ ti sè tán, tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀. Eré ìmárale wúlò fún ọkàn, fún oorun àti fún ẹni tí kò fẹ́ kí ìwọ̀n tí ó ti dín kù tún padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ yááfì ohun tí yóò hàn lórí òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ wá a nínú àwo. Ìkẹjà wà láàrin Igbó-Ọrà àti Chicago báyìí, apá Chicago ni ó sì ń rìn lọ.

Bí ènìyàn bá ti wá bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Rockefeller ní New York ṣàwárí leptin, họ́mọ́ọ̀nù tí ọ̀rá ara ń ṣe láti fi sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ tí ó wà nípamọ́ tó. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣàwárí ghrelin, èyí tí inú ń tú jáde láti fi pe ebi. Nígbà tí ọ̀rá bá ń dín kù, leptin a lọ sílẹ̀, ghrelin a sì gòkè, nítorí pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi oúnjẹ du ara rẹ̀ àti ẹni tí ìyàn mú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Melbourne, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, tẹ̀lé ènìyàn 50 tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 10 dín ara kù gidigidi. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn họ́mọ́ọ̀nù wọ̀nyí kò tíì padà sí bí wọ́n ṣe wà, ebi sì ń pa àwọn ènìyàn náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ìtara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní oṣù kẹta kì í ṣe ọ̀lẹ, ara rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí a dá a láti ṣe.

Ìwádìí tí ó tún ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá ni èyí tí Ancel Keys ṣe ní Fásitì Minnesota ní 1944 sí 1945, níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí wọ́n kọ̀ láti jagun ti yọ̀ǹda ara wọn fún ebi, kí a lè mọ bí a ó ṣe bọ́ àwọn tí ogun ti sọ di egungun. Nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń fún wọn fún oṣù mẹ́fà. Ìwọ̀n ara wọn fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí níbi ohunkóhun mọ́ àfi oúnjẹ: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìdáná bí ẹni ka ìwé ìtàn, inú ń bí wọn, ọ̀rẹ́ àti ìfẹ́ kò já mọ́ nǹkan lójú wọn. Yorùbá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fi kùkúńbà àti omi nìkan ṣe oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè wọ aṣọ ẹbí, irú ebi yìí ni ó ń pè sórí ara rẹ̀, ó sì dájú pé òun ni yóò borí.

Àwọn ènìyàn ni wọ́n tún ń pa ìtara, apá yìí ni a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Láwùjọ tí ó gbà pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ẹni tí ó sanra ti fi hàn pé ìṣẹ́ ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Ìyàwó tuntun tí ara rẹ̀ ń dán ń polongo ọkọ rẹ̀, ọkọ tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú ń polongo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fi kílò 8 dín kù, kò sí ẹni tí yóò kí i kú iṣẹ́. “Ṣé kò sí o?” ni aládùúgbò yóò béèrè. Ìyá ọkọ yóò fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fún ọmọ òun jẹ, àwọn ará ibi iṣẹ́ yóò máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá àìsàn tí a kì í dárúkọ ni, nítorí pé láti ìgbà tí kòkòrò HIV ti dé ni rírù ti di ohun ìfura. Kò sí kílò kankan tí ẹni tí ń dín ara kù ń yááfì tí ó wúwo tó ìyìn tí ó ń yááfì yìí. A lè fara da ebi fún wákàtí kan kí ó tó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn ènìyàn kì í rọlẹ̀, ojoojúmọ́ ni ó ń wá. Ohun tí ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni kí wọ́n ti sọ ọ́ fún ilé ṣáájú, kí wọ́n sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti ohun tí dókítà sọ, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, ìyá ọkọ gan-an ni yóò máa dá àwọn oníbèéèrè lóhùn.

Oúnjẹ tún jẹ́ ọ̀wọ̀. Ọmọdé tí ó bá kọ ẹran tí àgbà bù fún un ti ṣe àfojúdi, àlejò tí kò bá fọwọ́ kan oúnjẹ ti gbé ìfura kalẹ̀, ẹni tí ó sì bá dá àwo ìrẹsì padà níbi ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi olóde ṣẹ̀sín. Sátidé ní Ìkẹjà kò sì dá ìnáwó kan ní. Ẹni tí ó ń lọ sí òde mẹ́ta lóṣù kò lè máa bá olóde jà. Ó lè jẹ ẹ̀wà àti ẹja díẹ̀ nílé kí ó tó jáde, kí ó gba àwo kan, kí ó jẹ ẹran àti mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀, kí ó sì di ìrẹsì mọ́ ike lọ sílé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe láì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Omi ni kí ó fi mu, nítorí pé ohun mímu lóde ni ó ń ba ìṣirò jẹ́ jù.

Nínú ilé, ìkòkò ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá tí ó ń dín ara kù, tí ó sì ń din dòdò fún ọmọ mẹ́rin ní alaalẹ́, tí ó tún ń se ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ fún ọkọ tí kò gbà kí a dín epo kù, ń ru ẹrù tí kò sí ìtara tí ó lè gbé e dé ibi kankan. Síse oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún un kò dára tó bí a ṣe rò, nítorí gáàsì wọ́n, àti pé ẹni tí ń dá jẹun nínú ilé tirẹ̀ ti di aláìsàn lójú ara rẹ̀. Ìkòkò kan ni ó yẹ kí ilé jọ sè: kí epo rẹ̀ dín kù, kí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀wà àti ẹja wọlé dáadáa, kí òkèlè ẹni tí ń dín ara kù sì kéré sí ti àwọn ọmọ tí ń dàgbà. Ọkọ tí ó bá fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ pẹ́ láyé yóò yááfì ọbẹ̀ olóróró, kì í ṣe ìyàwó nìkan ni yóò máa yááfì.

Bí ìyááfì àjùmọ̀ṣe ṣe lágbára tó kò ṣàjèjì sí ará Ìkẹjà. Lóṣù Rámádánì, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kò lè fi gálà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì yóò gba ààwẹ̀ fún ọjọ́ 29 tàbí 30, òun náà yóò sì dúró nídìí ẹ̀rọ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé aago rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo ilé ni wọ́n jọ ń jí sí sààrì, ìdí tí ó fi ń ṣe é sì ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn Kristẹni tí ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì mọ̀ ọ́n bákan náà. Ààwẹ̀ kì í ṣe oògùn ìsanrajù o, nítorí pé ìṣínu tí àkàrà, ohun dídín àti ohun mímu ṣúgà bá kún inú rẹ̀ lè mú kí ara tún wúwo sí i. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ṣètò rẹ̀ ni kí ẹni tí ń dín ara kù mú lò: kí wákàtí oúnjẹ ṣe pàtó, kí òun àti ẹnì kan níbi iṣẹ́ jọ máa ṣe é, kí ìdí tí ó fi ń ṣe é sì ju dígí lọ.

Ní ti ohun tí a ó yááfì gan-an, ohun díẹ̀ tí a mọ̀ ni kí ó jẹ́, kí ìyókù wà bí ó ṣe wà. Ẹlẹ́rìndòdò ni kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé owó tún ń kù sápò. Bíà tẹ̀lé e. Epo pupa àti òróró kò yàtọ̀ síra nínú kálórì, ṣíbí ìjẹun ńlá kan nínú èyíkéyìí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120, nítorí náà ṣíbí ni kí a máa fi wọn epo, kì í ṣe ojú. Òkèlè kò ní láti lọ. Àwọn tí ń sọ fún ènìyàn pé kí ó fi àmàlà sílẹ̀ pátápátá kí ó máa jẹ òótì àti sàláàdì olówó ńlá ń ṣe ìpalára, nítorí pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹ́ níbi tí ẹ̀ṣẹ̀ kò sí. Òkèlè tí ó tó ìkúùkù ẹni kan, pẹ̀lú ewédú àti ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja tàbí ẹ̀wà, kò lòdì sí ìdínkù ara. A kò gbọ́dọ̀ yááfì oorun rárá, nítorí àìsùn a máa mú ebi pọ̀. Tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ọ̀rá nù nílò ìkìlọ̀ tirẹ̀: senna ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ewé tí ó bá asunwọ̀n tan, tí àwọn àgbà mọ̀ sí oògùn ìyàgbẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń gbé jáde, ọ̀rá wà níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ara bá ti ń fúyẹ́, ìwọ̀n oògùn àná lè pọ̀ jù fún un. Aboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú kò sì gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ilé-ìwòsàn kékeré ní 1955, tí ó sì di ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ní 2001, wà ní àárín Ìkẹjà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Bí ìtara yóò bá tọ́jọ́, ohun tí a ń lépa kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, ènìyàn 3,234 tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́. Àwọn tí wọ́n ní kí ó yí oúnjẹ padà ní láti dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìmárale fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Fún obìnrin oníkílò 80 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, kílò 5.6 péré nìyẹn. Nígbà tí ìwádìí náà parí, àwọn tí ó di ìdá 7 yẹn mú kò tó ìdajì, síbẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin ọ̀wọ́ wọn, nígbà tí ti àwọn tí ń lo oògùn metformin fi ìdá 31 dín kù. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà nínú rẹ̀ ni pé olùtọ́sọ́nà kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ 16 ni wọ́n sì ṣètò fún wọn láàrin ọ̀sẹ̀ 24 àkọ́kọ́. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún ìtara rẹ̀ nìkan.

Ohun tí a ń kà gbọ́dọ̀ ju kílò lọ, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òṣùwọ̀n yóò dúró sójú kan. Ara tí ó ti kéré ń ná agbára tí ó kéré, nítorí náà oúnjẹ tí ó ń mú kílò wálẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní lè má mú nǹkan kan wálẹ̀ mọ́ ní oṣù kẹfà. Lọ́jọ́ náà, téèpù aránṣọ, iye tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, àti bí èémí ṣe rí lẹ́yìn àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò máa sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, kí ènìyàn tó jẹun àárọ̀, ti tó fún gígun òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó bá sì jẹ àjẹjù níbi ìnáwó kò ní gbèsè kankan láti fi ebi san. Oúnjẹ tí ó kàn ni kí ó padà sí bí ó ṣe yẹ.

Ó ku ti àwọn tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn ju òṣìṣẹ́ lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí ó jẹ́ náírà 5 lórí ìgò 50cl, owó tí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ó wà. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá tí ó ń ṣe àkóso kantíìnì lè pàṣẹ láti oṣù yìí pé kí omi tútù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹlẹ́rìndòdò kúrò lára oúnjẹ ọ̀fẹ́, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ wà lójoojúmọ́ ní owó tí kò ju ti ìrẹsì lọ, kí àwọn oníṣíìfù òru jẹun kí wọ́n tó wọlé dípò agogo 2. Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ lè gbé òṣùwọ̀n, téèpù àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí ó sì máa kọ iye ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tí ẹlòmíràn kò ní rí. Níbi tí àwọn tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bá sì ti tó márùn-ún, a lè yọ̀ǹda ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún wọn lọ́sẹ̀ láàrin wákàtí iṣẹ́, kí wọ́n fi jókòó sọ ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.